Obì Tí Àbúrò Mi Bó

Bí mo bá gbóòórùn ewé tútù tí wọ́n fi ń di obì ní Sábó, ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo máa ń rántí.

Nọ́ọ̀sì wá sílé, wọ́n fún àbúrò mi obìnrin ní oògùn, wọ́n sì jókòó bá wa bó obì. Kò pẹ́, ọmọ tó ti ń kérora láti àárọ̀ dìde jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń bó o.

“Màmá, ara ẹ̀ ti yá!” ni mo ké.

“Àmín,” ni Màmá wí. Wọn ò gbójú sókè.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìrora nìkan ni oògùn náà lè bá jà.

Màmá di èyí tí àbúrò mi bó sọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí a sin ín, wọ́n ṣì ń pààrọ̀ ewé obì náà kí ó má bàa gbẹ.