Ilẹ̀ Tí Bàbá Àgbà Fún Màámi

Àgbẹ̀ ni bàbá àgbà mi, Ọlọ́rundáre, ní Odìgbò. Màámi, Olúbísí, nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, bàbá àgbà fún màámi ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, kí àwa méjèèjì lè máa gbé nítòsí wọn. Wọ́n pe ẹbí jọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n kòkó wà lórí ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gba ilẹ̀ kì í gé igi orí rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní igi náà pẹ̀lú.

Bàbá àgbà ní, "Ilẹ̀ ni mo fún ọ, n kò tíì fún ọ ní kòkó. Jẹ́ kí n ká tọdún yìí ná."

Lọ́dún kejì, wọ́n tún ní kí màámi dúró. Lọ́dún kẹrin, màámi bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé abẹ́ kòkó ni ẹ fẹ́ kí n máa sùn ni?"

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ò rí i bó ṣe so ni?"

Màámi bá wá ilẹ̀ sí Ọ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ yàrá méjì síbẹ̀, a sì kó lọ.

Lóṣù tó kọjá, bàbá àgbà fi àáké gé gbogbo kòkó yẹn fúnra wọn. Wọ́n gun ọ̀kadà wá sọ fún wa. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n wo òrùlé wa títí.

"Ilé yìí dára, Olúbísí. Ṣé ẹ ó máa wá kí mi?"

Èmi ni mo dáhùn pé a ó máa wá, nítorí màámi ti dìde lọ kó abọ́ oúnjẹ wọn.