Dígí Mọ́tò Lórí Kẹ̀kẹ́ Mi

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Trans-Nkisi, òórùn ẹrẹ̀ odò Nkisi ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wá wá, kí òórùn búrẹ́dì gbígbóná láti ilé búrẹ́dì ẹ̀yìnkùlé wa tó borí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí o ti fẹ̀yìn tì sí Ìbàdàn, tí o sì máa ń bi mí léèrè ohun tí mo ṣì ń wá ní Onitsha, o lè rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ pé òórùn méjèèjì yìí wà lára rẹ̀. Inú òórùn náà ni mo ti máa ń ti kẹ̀kẹ́ ológeere mi jáde láràárọ̀. Mo ra kẹ̀kẹ́ náà ní ọdún tí ìjọba àpapọ̀ gbé mi wá síbí láti máa wọn bí omi Odò Ọya ṣe ń kún àti bí ó ṣe ń fà, n kò sì gbé e jù sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ parí. Ìyàwó mi á ti wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ ṣáájú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Awada, níbi tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ. Èmi á tẹ̀lé e pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán wa tí mo so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, àti ìwé kan tí n ó máa kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn, ó sì fi òfin kan lé e: “Ẹ̀gbẹ́ títì ni tìrẹ. Onímọ́tò ló ni àárín.” Mo pa òfin náà mọ́ ju àádọ́ta ọdún lọ. Mo máa ń fún ara mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tó bẹ́ẹ̀ tí koríko á máa ha orúnkún mi, bí mo bá sì gbọ́ fèrè mọ́tò lẹ́yìn, n ó tún sún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibi sísún mọ́. Ìwà ọmọlúàbí ni mo pè é. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ pé bí mo ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú pẹ̀lú. Nínú ìpàdé àwọn ará àdúgbò, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí. Bí wọ́n bá bèèrè èrò mi, n ó ní àlejò ni mí, èmi tí gbogbo ọmọ mi sọ èdè Igbo kí wọ́n tó sọ tiwa.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, gọ́tà sì kún dẹ́nu. Níbi tí títì ti fún, kí a tó dé ìyànà Awada, mo gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́yìn mi, mo sì ṣe bí ìṣe mi: mo sún títí táyà mi fi ń gun etí kọnkéré. Jíìpù aláwọ̀ ewé kan ni. Kò fọn fèrè. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni pé nǹkan kan gbá mi ní èjìká òsì bí ẹni fi ọmọ odó gbáni. Ohun tí mo mọ̀ tẹ̀lé e ni omi gọ́tà lẹ́nu mi, àti ìrẹsì ọ̀sán wa tó léfòó kọjá níwájú mi.

Mo gbé orí sókè, mo sì rí ohun tí n kò lè gbàgbé. Iná ẹ̀yìn jíìpù náà tàn pupa. Ó dúró. Mo ní, ó ń bọ̀. Mo tilẹ̀ ti ń wá èsì tí n ó fún un bí ó bá ní kí n má bínú. Mo kà á dé márùn-ún, bóyá mẹ́fà. Lẹ́yìn náà iná pupa kú, ó sì tẹná. Ọ̀rẹ́ mi, gbígbá yẹn kò dùn mí tó dídúró yẹn. Ẹni tó gbáni láìmọ̀ ti ṣe àṣìṣe. Ẹni tó dúró, tó bojú wẹ̀yìn, tó rò ó, tó sì lọ, ìpinnu ni ó ṣe.

Obìnrin kan tó ń din àkàrà létí ọ̀nà ló sáré wá fà mí jáde. “Ndo, Papa, ndo o!” ni ó ń wí, ó ń bá mi kẹ́dùn lédè tirẹ̀, ó sì ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan yọ orí sí wa.

“Papa, but why you no stay for side?”

“My friend,” mo dá a lóhùn bí omi ṣe ń kán lágbọ̀n mi, “na side be this. Side wey pass this one, na inside grave.”

Kò sí ẹni tó rí nọ́ńbà jíìpù náà mú. Ṣùgbọ́n dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó gbá mi, ti já sínú ẹrẹ̀. Ilé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ kò sì fọ́ rárá. Alákàrà náà fi omi ṣàn án, ó tì í sínú àpò oúnjẹ mi. “Hold am,” ni ó wí. “Na him eye be this.”

Eegun èjìká mi ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi gbé apá mi kọ́ ọrùn, ìyàwó mi ló sì ń wẹ̀ mí, òun ló ń bá mi wọ ṣòkòtò bí ọmọ ọwọ́. Ọmọbìnrin wa tó wà ní Ìbàdàn ti ṣètò yàrá kan sílẹ̀, ó ní kí a máa bọ̀ wálé. Alàgbà kan láti ìjọ àwa Yorùbá wá kí mi, ó gbàdúrà tó gùn, ó sì fi ìmọ̀ràn dé e lórí: “Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kí ẹ sì fi kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀. Ọjọ́ orí yín ti kọjá ìyẹn.”

“Ẹni tó gbá mi kò fi mọ́tò sílẹ̀,” ni mo wí. “Èmi tí wọ́n gbá ni kí n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀? Irú ìdájọ́ wo nìyẹn, Alàgbà?”

Ìyàwó mi dáhùn láti ìdí ààrò: “Alàgbà, ẹ má dá wọn lóhùn. Èjìká wọn ló ṣẹ́, ẹnu wọn ò ṣẹ́.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, ó jókòó tì mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Dádì, n kò ní í rí irú èyí lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ kò bá lè sọ ohun tí ẹ máa ṣe kí ó má tún ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Ìbàdàn.” Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá lé mi kúrò lórí títì yẹn, ìlú ni ó ń lé mi kúrò.

Nígbà tí apá mi kúrò lọ́rùn, mo mú tépù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ létí odò, mo jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí ọ̀nà dá, mo sì wọn títì náà. Mo wọn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi. Mo wọn jíìpù aládùúgbò wa kan. Mo ro ààyè tó yẹ kó wà láàárín àwọn méjèèjì mọ́ ọn. Àròpọ̀ rẹ̀ ju apá títì tí à ń gbà lọ! Ààyè tí mo ti ń fi sílẹ̀ fún àwọn onímọ́tò láti ọjọ́ yìí wá, kò sí níbẹ̀ rí. Bí mo ṣe ń fún ara mi mọ́ ẹ̀gbẹ́, ńṣe ni mò ń wí fún wọn pé: ẹ kọjá, ó gbà yín. Irọ́ ni mò ń pa, èjìká mi ló sì jẹ ìyà rẹ̀. Bí mo bá wà láàárín, kò sí ẹni tó máa tan ara rẹ̀ jẹ. Ó máa dúró dè mí, tàbí kí ó wo iwájú dáadáa kí ó gba apá kejì kọjá.

Mo gbé ìṣirò náà fún ìyàwó mi. Ó wò ó pẹ́. “Ó dára,” ni ó wí. “Ṣé àwọn onímọ́tò máa kà á?”

“N ó kà á fún wọn.”

Mo gbé kẹ̀kẹ́ àti dígí lọ sí Nkpor, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jó irin, ọkùnrin Igbo tí orí rẹ̀ funfun bíi tèmi. Nígbà tó gbọ́ pé kí ó jó dígí mọ́tò mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Onye Yoruba!” ó pè mí, ọmọ Yorùbá ni ìyẹn. “You don turn motor?” Ó yí dígí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Make I paint am black?”

“Leave the green,” ni mo wí. “Make the owner know am.”

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba àárín, etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Fèrè lọ́tùn-ún, èébú lósì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan na ọrùn síta: “Papa! Na your papa get this road?”

“No,” ni mo ké padà. “But e no be your papa own too!”

Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì gba apá kejì kọjá, jìnnà sí mi dáadáa. Ohun tí mo ṣàkíyèsí nìyẹn: àwọn tó bú mi ti rí mi. Ẹni tó gbá mi kò bú mi rárá.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bí mo ṣe kù díẹ̀ kí n dé ibi tí mo ti ṣubú gan-an, jíìpù aláwọ̀ ewé kan wọ inú dígí mi. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ aláwọ̀ ewé, èkejì jẹ́ dúdú. Ọwọ́ mi fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀, bí ẹran tó mọ̀nà ilé, mo sì kọ̀ fún un. Jíìpù náà kò fọn fèrè, kò kọjá, ó kàn ń tẹ̀lé mi. Ní ìyànà Awada mo fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀ láàárín ọ̀nà, mo yíjú padà.

Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ á tó ẹni àádọ́ta ọdún, wọ́n lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa. Kò wo ojú mi. Dígí ni ó ń wò.

“Nna anyi,” ó fi orúkọ tí wọ́n fi ń pe àgbà pè mí, “na my mirror be that.”

“Na him. And this na the shoulder wey e break.”

Ó káwọ́ lérí. “I stop that day. I look back, I see people dey gather. I think say you don die. Fear catch me, say dem go burn me join the motor.”

“I know say you stop,” ni mo wí. “I dey inside gutter dey count am.”

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò. Mo ní kí ó yọ ọwọ́ náà, owó kọ́ ni mo ń wá. “Enter your motor. Follow me reach Awada, no overtake. Na my wife you go tell.”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lọ. Mo fi ẹsẹ̀ àgbà wa kẹ̀kẹ́ mi, jíìpù ń wọ́ tẹ̀lé mi, àwọn ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn rẹ̀ sì ń fọn fèrè lé e lórí, wọ́n ń pè é ní ewu, èyí tí í ṣe ewúrẹ́ lédè Igbo. Gbogbo èébú tí ì bá jẹ́ tèmi, òun ló gbà á.

Ìyàwó mi ń to ọṣẹ lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin náà dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó sì ro gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ìyàwó mi gbọ́ Igbo jù mí lọ. Èdè náà ni ó fi dá a lóhùn. Ó ní: “Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń bá ọkùnrin yìí wọ ṣòkòtò. Níbo ni o wà?”

“Mummy, ndo.”

“Ndo kì í bá ènìyàn wọ ṣòkòtò.”

Ọkùnrin náà sunkún, mo rí i. Ìyàwó mi na ìwé sí i, ó ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó ṣe, kí ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ sí i. Àwọn kan ti bi mí ní ìdí tí n kò fi fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwé náà wà láàárín ìwé tí mo fi ń kọ gíga odò. Bí ó bá tún sá fún ẹnikẹ́ni, mo mọ ibi tí n ó gbé e lọ, òun náà sì mọ̀. Kí ó tó lọ, ó bi mí bóyá òun lè gba dígí òun. Mo ní rárá, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i.

Ìyàwó mi padà sídìí ọṣẹ rẹ̀. “Dádì,” ó ní, “ó dà bí ẹni pé àwọn onímọ́tò ti ń kà á.”

Láti ìgbà náà ni kò ti dárúkọ Ìbàdàn mọ́. Má ṣì mí gbọ́: n kì í dí ọ̀nà tó fẹ̀. Níbi tó bá ti gba èmi àti mọ́tò, mo ń yà, mo sì ń juwọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí kò bá ti gbà wá, n kò ní fi ara mi ṣe ààyè tí kò sí. Bàbá mi kọ́ mi ní ìwà pẹ̀lẹ́, mo dúpẹ́. Òun náà kò wọn títì. Nínú ìpàdé àdúgbò, àga iwájú ni mo ń jókòó sí nísinsìnyí, wọ́n sì ti mọ̀ pé mo lẹ́nu.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, bí o bá wá kí wa, tí ọkọ̀ rẹ ń bọ̀ láti Nkpor, tí o sì bá arúgbó kan lórí kẹ̀kẹ́ dúdú láàárín ọ̀nà, wí fún awakọ̀ rẹ pé kí ó má fọn fèrè. Mo ti rí yín.