Bíríkìlà Tó Dá Pápá Ọ̀dán Sí

Bí èèyàn bá wọ Ọ̀yẹ́-Èkìtì lónìí, tó rí àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó tò lọ súà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó yáa mọ̀ pé ọwọ́ Emmanuel Bánkọ́lé wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Bíríkìlà ni. Láti ìgbà tí yunifásítì ti dé ni ọwọ́ rẹ̀ kò ti kúrò nínú sìmẹ́ǹtì. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ dénú. Bó bá ń kọjá níwájú ilé tó kọ́, á fọwọ́ gbá ògiri rẹ̀ pẹ́pẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọ léjìká. Ní tirẹ̀, ohun tó ń dí ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ni igi, ó sì ti hú èyí tó pọ̀ tó.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun àtàwọn ẹbí rẹ̀. Pápá Ọ̀dán ni wọ́n ń pè é, nítorí igi ọ̀dán ńlá kan tó wà níkangun rẹ̀. Ilé ti yí i ká pátá, ibẹ̀ nìkan ni koríko ṣẹ́kù sí ládùúgbò. Bí iná bá lọ tí yàrá gbóná, abẹ́ ọ̀dán làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé. Olúwọlé, àbúrò Emmanuel tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìyè, ló dábàá pé kí wọ́n filé bo gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń kọ́lé fún gbogbo ayé, tiwa ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Emmanuel létí. Beatrice, ẹ̀gbọ́n wọn tó dàgbà jù, ni kò fara mọ́ ọn.

"Ẹ máa kọ́ ulé lọ," ló wí. "Bí òjò bá rọ̀, tí kò rílẹ̀ wọ̀, inú yàrá yín ni yóò wá sùn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Emmanuel kó èèkàn àti okùn, ó lọ wọn ilẹ̀. Ó bá èrò lórí pápá: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọmọ ìlú ń figagbága nídìí bọ́ọ̀lù. Ó rọra ń kan èèkàn tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, àfi gbàà! Bọ́ọ̀lù ti já okùn. Kò tíì ráyè bínú tí Ìmísíolúwa, olórí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fi sáré dé, tó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹsẹ̀ kípà àwọn ará ìlú ló rọ́, ni ìlà wọn bá dàrú. Wọn ò rẹ́ni fi dípò rẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú bá pariwo pé, "Bàbá gan-an ni kípà! Ìyá mi sọ pé àwọn ni wọ́n ṣọ́lé fún Ọ̀yẹ́ nígbà tí Ìkọ̀lé ò rí ẹyọ gólì kan jẹ!"

Ẹnu ọmọ náà dùn jù. Kí Emmanuel tó mọ̀, ó ti ká ṣòkòtò, ó ti dúró sẹ́nu ilé bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní pẹ́nátì. Ìmísíolúwa fúnra rẹ̀ ló gbá a. Emmanuel fò bí ológbò tó ti dàgbà, bọ́ọ̀lù bà á láyà, ó sì dì í mú! Ó nà gbalaja sórí koríko. Bó ṣe ń wo ojú ọ̀run láàárín ewé ọ̀dán, tí òórùn koríko gba imú rẹ̀ kan, ó rántí pé ibí yìí náà lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rín ń pa á, eegun ẹ̀yìn sì ń dùn ún.

Ó hú gbogbo èèkàn rẹ̀, ó lọ bá àwọn ẹbí.

"A óò kọ́lé," ni ó wí, "ṣùgbọ́n òkè ni yóò máa lọ. Etí títì nìkan la óò lò, kó kọjú sí pápá."

Olúwọlé yarí. "Yàrá yóò dín kù! Ìpìlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í sì í ṣe eré!"

"Ta ni bíríkìlà nínú wa?"

Olúwọlé di kunkun, kò wá síbi ìfìpìlẹ̀lélẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń da dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó pín ìsàlẹ̀ ilé níyà sí òkè, ni wọ́n déédéé rí i tó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń pọnmi. Beatrice bu oúnjẹ fún un.

Lóòótọ́ yàrá dín kù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kun ilé náà tán, akẹ́kọ̀ọ́ ti gba gbogbo èyí tó kọjú sí pápá, nítorí atẹ́gùn.

Ní báyìí, bí wọ́n bá gbéṣẹ́ fún Emmanuel, ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, "Níbo lẹ fẹ́ káwọn ọmọ ti máa sáré?" Bàbá kan ní Ìtapà bínú, ó wá bíríkìlà mìíràn. Ìjọ kan ní Ìkọ̀lé gbà, wọ́n sì dá igi máńgòrò wọn sí. Ní ti bọ́ọ̀lù, orúnkún rẹ̀ ò gba kípà mọ́, ni wọ́n bá fún un ní fèrè, wọ́n fi í ṣe rẹfirí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ó ń ṣègbè fún àwọn ọmọ ìlú. Kò sì jiyàn.