Bọ́ Bàtà Kí O Tó Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn ọ́ìlì mọ́tò, ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, kì í sì í wọ bàtà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Bọ́ bàtà, ọmọ mi," ni yóò wí, "ibi mímọ́ nìyí." Àwa méjèèjì á wá máa fọ púlọ́ọ̀gì.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó fún ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò kọ̀. A tún un ṣe, ó dáhùn, a sì fi ìdùnnú gbéra. Erinje la dé kí a tó rí i pé bàtà wa wà nílẹ̀ l'Ókìtìpupa.

Bàbá ìyàwó wo ẹsẹ̀ wa títí, ó rọra bọ́ sálúbàtà tirẹ̀, ó ní kí gbogbo ilé bọ́ tiwọn.

Mo wo bàbá mi. Ó wúkọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."