Ọ̀dà Ojú Táńkì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ohun ẹ̀rù ni táńkì ogun, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ọ̀kan ṣe ní bárékè kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Kọ́bapẹ́, níbi tí mo ti ń tún típà ṣe báyìí. Típà nítìjú ju táńkì yẹn lọ.

Tòkunbọ̀ ni. Ìlú olótùútù ni wọ́n ti ṣe é, inú yìnyín ni wọ́n ti dán an wò, wọ́n sì lò ó títí ó fi sú wọn. Ìgbà tó sú wọn tán ni àwọn ọ̀gá wa rà á, wọ́n wá ń fọ́nnu bí ẹni pé àwọn ló rọ ọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fún òtútù yóò ṣe máa mí nínú oòrùn tiwa.

Kíkùn nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí ọ̀gá àgbà kan bá ti ń bọ̀ wá ṣàbẹ̀wò, àṣẹ á jáde pé ká kùn ún. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó dúdú bí èédú á wà níbẹ̀ láìpààrọ̀, ọ̀dà tuntun á sì gun orí ti tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo máa ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Mo máa ń kùn ún láti ẹnu ìbọn rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn, níbi tí àwọ̀n irin tí ẹ́ńjìnì ń gbà fa atẹ́gùn wà. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀dà ń dí ojú àwọ̀n náà. Nígbà tí mo sọ ọ́, ọ̀gá wa ní, "Ṣé àwọ̀n ni àlejò ń wá wò ni?" Mo ní, "Rárá, sà," mo sì ń kùn ún lọ bí ọ̀dẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta bíi tèmi ló ń wà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ti ń gbóná jù o. Ẹ bá mi wò ó." Mo ní kó jẹ́ kí àbẹ̀wò parí ná. Àbẹ̀wò ò tíì parí tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi rán òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sójú ogun. Ooru dá táńkì náà dúró láàárín ọ̀nà. Ọmọkùnrin náà jáde láti ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ ni ìbọn ti bá a, tó sì kú.

Mo lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú, níbi tó ti ń pa aró. Ó mú fọ́tò kan jáde: ọmọ rẹ̀ dúró níwájú táńkì náà, tó ń dán gbinrin. Ó fi ojú aláró wò ó dáadáa.

"Àwọ̀ rẹ̀ mú kanlẹ̀. Ta ló kùn ún?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣé, ọmọ mi. Ó kéré tán, wọn ò gbé ọmọ mi sínú pàǹtí lọ sógun."

Mo ní, "Rárá, mà. Ọkọ̀ gidi ni." Irú irọ́ tí mo kórìíra lẹ́nu àwọn ọ̀gá wa gan-an nìyẹn, ó sì jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́.