Àwọn Mọ́kànlélógójì Tí Ń Gbọ́ Arvid

Ọdún méjì lẹ́yìn tí Elma ìyàwó rẹ̀ kú ni Arvid Niskanen dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ nínú yàrá tí Karin ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sùn kó tó lọ sílé ọkọ. Rédíò náà kò ní òpó, kò ní òṣìṣẹ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Kọ̀ǹpútà kan, tábìlì kan, àti páálí mẹ́rìnlélógún tó kún fún àwo orin tí Elma fi sílẹ̀. Orin ijó àwọn ará Finland ni, èyí tí àwọn bàbá ńlá wọn gbé wọ ìlú Ishpeming ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n wá wa irin nínú ilẹ̀.

Awakọ̀ ojú irin ni Arvid. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kó òkúta irin lọ sí èbúté, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Elma ló máa ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì, nígbà tí Elma sì lọ, ilé dákẹ́ bí ìgbà tí yìnyín bá bo òrùlé.

Ní igun ojú kọ̀ǹpútà náà, iye àwọn tó ń gbọ́ máa ń hàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni, Arvid fúnra rẹ̀ sì ni. Lọ́sẹ̀ kejì, ó di mẹ́ta. Nígbà tó fi máa pé ọdún mọ́kànlá, ó ti di mọ́kànlélógójì. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ wá sínú yàrá yẹn, ó ń mu ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ níwájú wọn. Bí ó bá jí, á kí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin nìkan ni wọ́n ń gbọ́: "Ẹ káàárọ̀ o." Kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n wọn kò lọ.

Òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó bá ń lu àwo fáráyé gbọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì san ẹ̀tọ́ fún akọrin àti ẹni tó ni àwo. Arvid ń san án. Àwọn kéékèèké bíi tirẹ̀ ní àdéhùn tiwọn: ìpín díẹ̀ nínú ohun tó bá wọlé ni wọ́n ń san, tirẹ̀ kì í sì ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là lọ lọ́dún. Ó kù ọjọ́ díẹ̀ kí Kérésìmesì ọdún 2015 dé ni ìròyìn tàn kálẹ̀ pé àwọn adájọ́ mẹ́ta ní Washington ti gbé iye owó ẹ̀tọ́ tuntun jáde, àdéhùn àwọn kéékèèké sì máa parí pẹ̀lú ọdún.

Karin ló ṣàlàyé rẹ̀ fún un lórí fóònù láti Arizona.

"Dádì, kì í ṣe ìpín mọ́. Ẹ ka iye orin, ẹ fi iye etí tó gbọ́ ọ sọ ọ́ di púpọ̀. Orin kan, etí kan, owó kan."

"Owó náà pọ̀ ni?"

"Kò tó kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru lẹ ń lu orin. Fún ogójì èèyàn, ó máa tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là lọ́dún."

Arvid wo igun ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mọ́kànlélógójì.

"Dádì, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà."

"Ẹ ti ibẹ̀ yẹn pa, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òtútù ìlú yẹn á pa yín."

Kò tì í pa. Ohun tó ṣe ni pé, lọ́jọ́ kìíní ọdún tuntun, ó fi ìdènà sí i: ẹni márùn-ún péré ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ká ìyẹn. Àmọ́ ohun tó bà á lọ́kàn jẹ́ ni pé, bí ọ̀kan nínú wọn bá jáde, inú rẹ̀ máa ń dùn. Òun tó ti fi ọdún mọ́kànlá gbàdúrà kí èèyàn wá, òun ló wá ń retí kí wọ́n máa lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, fóònù dún. Hilja Sorvala ni, ìyá àádọ́rùn-ún ọdún tó wà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú Duluth. Ó ti ń gbọ́ rédíò náà láti ọdún kejì rẹ̀, ó sì máa ń pe Arvid lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Arvid, ṣé o ti lé mi ni?"

"Rárá o, Ìyá Sorvala."

"Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń kanlẹ̀kùn. Wọ́n ní ilé ti kún. Ta ló kún inú rẹ̀?"

"Òfin tuntun ni, mà."

"Òfin! Ṣé òfin ló mọ orúkọ mi ni, àbí ìwọ?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní òun á lọ bẹ àwọn tó ni orin. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ ni Ilma Rautio ní ìlú Hancock, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tó fi owó ara rẹ̀ ṣe àwo kan lọ́dún 1978. Kò sí orin tí Arvid ń lù tó ti Ilma. Ó tẹ ìwé kan pé kí Ilma yọ̀ǹda orin rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ki í bọ àpò, ó ra búrẹ́dì dídùn, ó sì wakọ̀ wákàtí méjì nínú yìnyín.

Ilma gbé kọ́fí kalẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Ọmọ Niskanen awakùsà? O jọ bàbá ẹ, àfi pé bàbá ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Arvid sọ fún un pé òun ni òun ń lu àwo rẹ̀. Ìyá arúgbó náà gbé ife sílẹ̀.

"Ìwọ ni? Ìwọ lo wà nídìí ẹ̀?" Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, ìbọ̀wọ́ pupa kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wò ó. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọrin níbi ijó. Kọ́fí ni wọ́n ń fún mi, bóyá àti ẹja. Lọ́jọ́ kan ni àpò ìwé dé láti Washington. Dọ́là mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀tọ́ orin mi. Mo ní, ta ló ń gbọ́ mi? Mo ti rò pé mo ti kú létí èèyàn. Mo fi ra ìbọ̀wọ́ yìí. Níbi tí èèyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹ, àbí? Ó kàn pẹ́ kí tèmi tó dé ni."

Arvid ń fọwọ́ ra àpò rẹ̀.

"Kí lo ń wá?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Irọ́. Bàbá ẹ náà kò mọ irọ́ pa."

Ó bá jẹ́wọ́. Ilma ka ìwé náà, ó ní kó fún òun ní kálàmù. Arvid gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ká a, ó sì dá a padà sápò.

"Ẹ má bọwọ́ lù ú. Ẹ gba tiyín. Ó tọ́ sí yín."

"Rédíò ẹ wá ńkọ́?"

Arvid dìde, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Bí ó ṣe ń wakọ̀ padà, ó ń wá ẹni tó máa bínú sí, kò sì rí ẹnì kankan.

Ní ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù náà, ó yọ ìdènà kúrò láago méjìlá ọ̀sán. Ó ti kọ ọ́ sí ojú ìwé rédíò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí gbogbo wọn wá gbọ́. Wọ́n wá, wọ́n sì mú ẹlòmíràn dání. Nígbà tó di aago mẹ́ta, wọ́n ti ju igba lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, Arvid sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó sọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Tirẹ̀ ni àwọn àwo yìí. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi jókòó." Ó lu orin Ilma, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti rédíò náà pa. Owó ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó san án pé.

Oṣù Kejì gùn. Ó ń jẹun ní ilé ìdáná. Karin pè é, ó lọ sí Arizona fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oòrùn ibẹ̀ kò bá a lára mu, ó padà.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tí ọ̀nà sì là, ó di àwo díẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń lu àwo sẹ́yìn ọkọ̀, ó wakọ̀ lọ sí Duluth. Òun àti Hilja kò tíì fojú kanra rí. Obìnrin náà kéré ju ohùn rẹ̀ lọ. Wọ́n jókòó láti aago kan títí ilẹ̀ fi ṣú, orin ń lọ.

Nígbà tó dìde, Hilja ní, "Ṣé wàá tún wá?"

"Màá wá, mà."

Ó lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ìgbà kẹrin tó lọ, ẹlòmíràn ló wà lórí ibùsùn Hilja. Nọ́ọ̀sì kan bá a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó ní ọ̀nà jìn, kó rọra wakọ̀.