Ẹni Tó Ń Bu Oúnjẹ: Ikú Nọ́ọ̀sì Àwáwù ti Ìdí-Ayin

Nọ́ọ̀sì Àwáwù Ládòkun ti kú. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló dákẹ́ ní Ìdí-Ayin, lójú ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, nínú ilé ìwòsàn kékeré tó ti ń tọ́jú aláìsàn láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí. Àrùn ọrùn gígan tó ń jà nínú ọyẹ́ ọdún 1986 yìí ló pa á. Ṣùgbọ́n kí a tó sunkún, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bá àwọn ọ̀gá ètò ìlera wa yọ̀, nítorí wọ́n ti kẹ́dùn lórí rédíò. Wọ́n ní akọni obìnrin ni. Wọ́n ní ojú ogun ló kú sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí wọ́n gbàgbé láti fi kún un ni pé àwọn ni wọ́n rán an lọ sójú ogun náà láìní asà lọ́wọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti pín asà fún àwọn tó jókòó sílé.

Ta ni Àwáwù? Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ọ̀dọ̀ wa lè má mọ̀ ọ́n. Obìnrin kúkúrú tó máa ń rẹ́rìn-ín sókè ni, ìyàwó Ràsáàkì àgbẹ̀ oníṣu. Ìyá Ràmọ́nì là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìlú kọ́kọ́ bọ́ sí. Bó bá fẹ́ gún ọmọ lábẹ́rẹ́, yóò bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ sè lánàá. Kí ọmọ náà tó rántí, abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ti jáde. Àgbàlagbà ni wàhálà rẹ̀. Ojú mi ló ṣe lọ́jọ́ tí Ògúnkọ̀yà ọdẹ, ẹni tó pa ẹfọ̀n lójú gbogbo ayé, sá pamọ́ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́.

"Bàbá ọdẹ, ẹ jáde," Àwáwù wí. "Èyí ò ní ìwo."

"Ìyá Ràmọ́nì, ẹfọ̀n a máa sá fún mi. Eléyìí kì í sá."

A rẹ́rìn-ín títí a fi ń di ikùn mú, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì gún bàbá náà níbi tó ti ń ṣàwàdà. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn púpọ̀. Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, mi ò sì ní tọrọ gáfárà fún un.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí eruku bo ojú òrùn, a gbọ́ pé àrùn náà ti ń gan àwọn ọmọdé lọ́rùn ní àwọn abúlé apá òkè. Ìjọba wá gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wá fún wa nínú kúlà oníyìnyín. Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣọlá, ọ̀gá ètò ìlera àgbègbè wa, fúnra rẹ̀ ló bá a wá nínú mọ́tò. Ta ni wọ́n sì kọ́kọ́ gún? Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣọlá ni. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ní òun fẹ́ fi ara òun ṣe àpẹẹrẹ kí ẹ̀rù má bàa ba ará ìlú. Ìfẹ́ ìlú ò ní pa á o! Lẹ́yìn rẹ̀ ni dírẹ́bà rẹ̀ náà ṣe àpẹẹrẹ tirẹ̀. Àwáwù àti Fadékẹ́, nọ́ọ̀sì kejì, wá gún gbogbo wa títí apá fi ń ro wọ́n.

Bí èrò ti ń tán lọ, Fadékẹ́ gbóhùn sókè. "Ọ̀gá, àwa náà ńkọ́ o? Ọwọ́ wa ni wọ́n ó kó àwọn aláìsàn lé."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ràmọ́nì, ẹ bá mi bi Fadékẹ́ léèrè. Nílé Yorùbá wo ni ẹni tó ń bu oúnjẹ ti í kọ́kọ́ jẹ?"

Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé ni. Àwáwù pàápàá rẹ́rìn-ín, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé obìnrin tó ń bu oúnjẹ kì í ro ti ara rẹ̀ títí àlejò yóò fi yó. Ó fọwọ́ kan Fadékẹ́ léjìká, ó ní, "Fi sílẹ̀ jàre, tiwa ó kù nísàlẹ̀ ìkòkò."

Ìsàlẹ̀ ìkòkò wo? Wọ́n gbé kúlà padà sínú mọ́tò pẹ̀lú ohun tó kù nínú rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ mọ àwọn tó jẹ ìyókù? Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ọ̀gá ni, àti àwọn ìyàwó wọn, àti ọkùnrin tó ń bomi rin òdòdó lẹ́nu géètì. Mi ò bá ọkùnrin olódòdó jà o. Ẹ̀mí tirẹ̀ náà ń dùn. Mo kàn ń béèrè pé òdòdó wo ló fẹ́ wúkọ́ lù ú lójú.

Kò pẹ́ tí àrùn náà fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ará oko tí wọn kò sí nílé lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbé wá, tí ọrùn wọn ti le gbagidi. Àwáwù a gbé wọn lé itan, a máa fi ṣíbí rọ omi sí wọn lẹ́nu, wọ́n a sì máa wúkọ́ lù ú. Lọ́jọ́ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró sílé. Ràsáàkì ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ohun tí ìyàwó rẹ̀ fi dá a lóhùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀: "Bàbá Ràmọ́nì, ta ní ó wá dúró ti Fadékẹ́?" Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì gbẹ̀bí ọmọ kan lọ́jọ́ náà gan-an kó tó ṣubú. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí àrùn ran ìyá àti ọmọ. Ètò ìlera wa kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣọlá ní ọ́fíìsì. Ó ní abẹ́rẹ́ kò kárí, pé ará ìlú ló yẹ kó ṣíwájú, àti pé ọ̀kánjúwà ni nọ́ọ̀sì tó bá ń bá aláìsàn du abẹ́rẹ́. Ló bá tún kó ọ̀rọ̀ oúnjẹ bíbù sílẹ̀. Mo ní, ọ̀gá, ẹ ò tíì gbẹ̀kọ́ ilé tán. Nílé Yorùbá kan náà, ẹni tó gbé ẹmu kalẹ̀ fún àlejò ló ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀ (ẹ̀yin àlùfáà, ẹ foríjì mí). Ẹni tó se ọbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bó bá sì jẹ́ oúnjẹ ni abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ, tí ẹ sì di ìyókù lọ sílé? Ó ní kí n jọ̀ọ́, òun ń lọ sí ìpàdé. Ìpàdé ìdárò Àwáwù ni.

Ibi ìpàdé náà ni wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri yàrá ìgbẹ̀bí. Ẹ ṣé, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n a ò bẹ̀ yín ní ọ̀dà. Ohun tí a ń béèrè kò le. Lọ́dọọdún, kí ọyẹ́ tó dé, kí ẹ kọ́kọ́ gún gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan aláìsàn ní Òkè-Ògùn, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn: nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, àti ẹni tó ń fọ aṣọ ibùsùn wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó kan ọ̀gá. Kí Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣọlá sì jáde sí gbangba, kó sọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé kúlà yẹn lọ. Bó bá jẹ́ òun ni, kó fi ipò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì lè dúró di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, nítorí ọyẹ́ kò tíì lọ, Fadékẹ́ nìkan ló sì kù ní Ìdí-Ayin báyìí. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lánàá. Mo bá a níbi tó ti gbé orí ọmọ kan lé itan, tí ọmọ náà ń wúkọ́. Mo béèrè bóyá àwọn ará ọ́fíìsì ti wá gún òun náà lábẹ́rẹ́.

"Wọ́n wá," ó ní. "Wọ́n wá wọn ògiri."